Ojú Àjópọ̀: Ohun Tí Iná àti Òtútù Ń Fi Irin Ṣe, láti Bandjéli dé Légbassito

Ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ wa ní Légbassito, lórí pẹpẹ tí a ń to ìwé ìròyìn yìí sí, irin pẹlẹbẹ kan wà tí kò gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Irin sípíríǹgì ni, èyí tí àwọn mẹkáníìkì Lomé ń pè ní lame. Láti abẹ́ alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a fi ń kó àga àti àtíbàbà lọ sóde ni ó ti wá. Ó kán lọ́dún tó kọjá, a gbé e lọ sọ́dọ̀ ajórin kan, ó jó o pọ̀, a san owó, a sì dúpẹ́. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà, bí a ti ń kó ẹrù bọ̀ láti òde ìsìnkú, ó tún kán. Àga dà sílẹ̀ lójú títì, ọmọkùnrin tó jókòó lé wọn lórí ṣubú, apá rẹ̀ sì ṣẹ́. Nígbà tí a tú irin náà, ohun tí a rí yà wá lẹ́nu. Ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ kò yẹ̀ rárá. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ó ti kán, níwọ̀n ìbú ìka kan péré, kò sì tẹ̀ kí ó tó kán: ó ṣẹ́ bí àwo tánganran.

A gbé e lọ bá bàbá alágbẹ̀dẹ kan tí wọ́n ṣì ń fẹ́ ẹwìrì níhà Togblékopé. Bàbá kò béèrè ẹni tó jó o. Wọ́n yí ojú kíkán náà sí oòrùn, wọ́n fi èékánná wọn fà á, wọ́n ní, “Ẹ fún un níná, ẹ kò fún un nísinmi.” Ọ̀rọ̀ yẹn ni a fẹ́ tú wò níhìn-ín, nítorí ó kọjá ọ̀rọ̀ sípíríǹgì kan. Ìtàn bí àwọn ènìyàn apá ibi tí a wà yìí, àti àwọn Òyìnbó tó wá bá wọn, ṣe ń so irin mọ́ irin ló wà nínú rẹ̀, àti ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ̀ nípa ìsinmi yẹn.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a rántí pé èdè wa ti ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀ tipẹ́tipẹ́. Irin a máa le, irin a sì máa yi. Èyí tó le ni fáìlì kò ràn; èyí tó yi ni a tẹ̀ tí kò dá. Ẹnu àdá gbọ́dọ̀ le kí ó lè mú, ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ yi kí ó má baà ṣẹ́ mọ́ igi lára. Ọgbọ́n alágbẹ̀dẹ àtijọ́ àti ọgbọ́n onímọ̀ ẹ̀rọ òde òní pàdé níbì kan náà: bí a ó ṣe pín líle àti yíyi fún irin kan ṣoṣo. Iná àti òtútù ni a fi ń pín in.

Ìsopọ̀ irin ní Tógò ti pẹ́ ju orúkọ Tógò lọ. Ní ilẹ̀ àwọn Bassar, tó nǹkan bí 400 kìlómítà sí àríwá Lomé, àwọn awalẹ̀pìtàn rí ẹ̀rí pé wọ́n ti ń yọ́ irin níbẹ̀ láti ọ̀rúndún mélòó kan ṣáájú ìbí Jésù. Philip de Barros, ará Amẹ́ríkà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí níbẹ̀, ti kọ̀wé nípa àwọn òkìtì ìdàrọ́ tó wà káàkiri, tó fi hàn pé iṣẹ́ náà kọjá ohun tí ilé kan tàbí abúlé kan nílò: irin Bassar ń lọ sọ́jà, ó ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀yà mìíràn. Òkúta irin Bandjéli dára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ó ju ìdajì rẹ̀ lọ tó jẹ́ irin gan-an. Iléru wọn ga ju ènìyàn lọ, wọn kì í sì í fi ẹwìrì fẹ́ ẹ; gíga rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń fa afẹ́fẹ́ wọlé láti ìsàlẹ̀. Nígbà tí Friedrich Hupfeld, ará Jámánì, kọ̀wé nípa wọn ní 1899, iṣẹ́ náà ṣì ń lọ ní pẹrẹu. Ní 1985, lẹ́yìn tí iná iléru ti kú tipẹ́, àwọn àgbà Bandjéli tún mọ ọ̀kan, wọ́n yọ́ irin nínú rẹ̀ lójú àwọn olùwádìí, fíìmù tí wọ́n fi ṣe, The Blooms of Banjeli, sì jáde ní 1986. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ráyè wò ó, kó wò ó.

Ohun tí ń jáde nínú iléru bẹ́ẹ̀ kì í ṣàn bí omi. Ìṣù kan ni, tó kún fún ihò, fún ìdàrọ́, fún eédú tí kò jó tán. Apá kan rẹ̀ rọ̀, apá kan le. Àwọn ará Bassar ń fi òkúta fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Ihò tí wọ́n ti ń gún un ṣì wà lára àpáta. Wọ́n á ṣa irin kúrò nínú ìdàrọ́, wọ́n á fi amọ̀ àti koríko dì í, wọ́n á tì í sínú iná títí èérún irin yóò fi lẹ̀ mọ́ èérún irin, lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa lù ú, pẹ̀lú òkúta ńlá dípò ọmọ owú. Nítorí náà, ojú àjópọ̀ inú ọkọ́ Bassar kan ṣoṣo kò níye. Àjópọ̀ ni ọkọ́ náà látòkè délẹ̀. Wọ́n sì fi ro oko fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún.

Bí ó ṣe rí lẹ́nu iṣẹ́ nìyí, yálà ní Bassar tàbí ní àgbẹ̀dẹ Yorùbá. Alágbẹ̀dẹ á ti irin méjèèjì bọ iná títí wọn yóò fi pọ́n, tí wọn yóò kọjá pípọ́n, tí àwọ̀ wọn yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Iyanrìn tàbí amọ̀ díẹ̀ a máa wọ̀ ọ́, kí ìdàrọ́ tó bo ojú irin lè yọ́ kó sì ṣàn dànù. Ẹ̀mú á gbé wọn jáde, òòlù á bà lé wọn kí ojú tó ṣẹ́, wọn á sì di ọ̀kan. Agogo wa, àti gankogui àwọn ará Éwé tí a jọ ń gbé níhìn-ín, irú ọ̀nà yìí ni wọ́n fi ń ṣe wọn tẹ́lẹ̀: irin pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n tẹ̀ bí ìgbá, tí wọ́n sì fi iná àti òòlù pa etí wọn dé. Òpìtàn Jan Vansina, nínú àròkọ kan tó kọ ní 1969, tọpa irú agogo bẹ́ẹ̀ láti apá ibi tí a wà yìí títí wọ àárín Áfíríkà, nítorí pé ọgbọ́n tí a fi pa etí rẹ̀ dé kò rọrùn tó ohun tí ìlú kọ̀ọ̀kan á kàn ṣàdédé mọ̀.

Ẹ kíyè sí ohun kan nínú iṣẹ́ yìí, nítorí a óò padà síbẹ̀. Nígbà tí alágbẹ̀dẹ bá so irin pọ̀, gbogbo ibi tí iṣẹ́ náà wà ló pọ́n pa pọ̀, ó sì ń tutù pa pọ̀. Kò sí ibì kan tó ń dà bí omi nígbà tí èkejì rẹ̀ ṣì tutù.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀rí tó wúlò jù fún wa wá láti Isundunrin, nítòsí Ẹ̀jìgbò. C. V. Bellamy, Òyìnbó aṣojú ìjọba tó ń bójú tó iṣẹ́ òde ní Èkó, dé ibẹ̀, ó rí abúlé kan tí gbogbo ará ibẹ̀ ń fi irin yíyọ́ jẹun, tọkùnrin tobìnrin, kálukú pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀. Ó tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1904 nínú ìwé àtìgbàdégbà Iron and Steel Institute ti Lọ́ńdọ̀nù, F. W. Harbord, onímọ̀ irin, sì yẹ irin tó mú wálé wò. Irin tí ó ní èròjà eédú nínú dáadáa ni ó bá, irú èyí tí a lè fi òtútù mú le, tí Faransé ń pè ní acier. Ọ̀pọ̀ Òyìnbó ìgbà náà rò pé irin rírọ̀ lásán ni aláwọ̀ dúdú lè ṣe. Samuel Johnson náà, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó parí ní 1897 tí wọn kò tẹ̀ jáde títí di 1921, ṣàkíyèsí pé ohun èlò òkè òkun ń lé ti ilé kúrò lọ́jà nítorí pé owó rẹ̀ dínkù, bẹ́ẹ̀ ni kò lálòpẹ́ tó ti ilé. A kì í sábà ka gbólóhùn yẹn sí gbólóhùn onímọ̀ irin. Ó yẹ kí a kà á sí i.

Kí ni alágbẹ̀dẹ ń fi irin bẹ́ẹ̀ ṣe? Ó ń rì í sómi. Bàbá wa níhà Togblékopé ṣe é lójú wa. Ẹnu ọ̀bẹ nìkan ni wọ́n tì bọ omi, wọn kò jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé. Omi hó ṣáá. Wọ́n yọ ọ́ kí ó tó tutù tán, wọ́n fi òkúta ra ẹnu rẹ̀ kí ó lè dán, wọ́n sì dákẹ́, wọ́n ń wò ó. Ooru tó kù lẹ́yìn ọ̀bẹ ń rìn padà sí ẹnu rẹ̀. Àwọ̀ kan yọ níbẹ̀ bí ti koríko gbígbẹ, ó pọ́n díẹ̀ sí i, àwọ̀ aró sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́yìn rẹ̀. Kí àwọ̀ aró tó dé ẹnu ọ̀bẹ, bàbá rì í pátápátá. Àwọ̀ koríko gbígbẹ yẹn máa ń yọ ní nǹkan bí 220 ìwọ̀n Celsius, àwọ̀ aró ní nǹkan bí 300. Bàbá kò ní ẹ̀rọ tí ń wọn ooru, ojú ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ìrì àkọ́kọ́ ni Faransé ń pè ní trempe, ooru tó rìn padà ni revenu. Trempe fún irin ní líle. Revenu gba díẹ̀ nínú líle náà, ó fi yíyi rọ́pò rẹ̀. Irin tí a rì tí a kò fún ní revenu, ọ̀tá ẹni tó ń lò ó ni.

Àwọn ará Yúróòpù náà ti ń ṣe èyí fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún láìmọ ìdí rẹ̀. Réaumur kọ ìwé ńlá lórí rẹ̀ ní Paris ní 1722. Ní 1786 ni Vandermonde, Berthollet àti Monge tó fi hàn gbangba pé èròjà eédú ni ó ya irin líle sọ́tọ̀ kúrò lára irin rírọ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìwádìí pẹ̀lú awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, iṣẹ́ tí Adolf Martens ará Jámánì àti Floris Osmond ará Faransé wà lára àwọn àgbà rẹ̀. Ní 1895, Osmond sọ ohun líle tí òtútù òjijì ń dá sílẹ̀ nínú irin ní martensite, ní orúkọ Martens. Ará Faransé kan fi orúkọ ará Jámánì sọ ohun tí wọ́n jọ ń wá. Ogún ọdún kò tíì pé lẹ́yìn rẹ̀ tí àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì fi ń yìnbọn síra wọn lórí ilẹ̀ Tógò.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí wọ́n rí bí a ti lè sọ ọ́ fún ọmọ ilé ìwé. Irin tútù ní ètò kan tí àwọn ẹ̀yà rẹ̀ tó kéré jù lọ fi tò sára wọn. Bí irin tó ní eédú nínú bá gbóná kọjá nǹkan bí 730 ìwọ̀n Celsius, ètò náà a bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, ààyè a sì ṣí sílẹ̀ nínú rẹ̀ tí eédú yóò yọ́ wọ̀, bí iyọ̀ ti ń yọ́ wọnú omi gbígbóná. Bí irin náà bá rọra tutù, eédú a rí àkókò jáde, a kó ara rẹ̀ jọ síbì kan, irin a sì rọ̀. Bí ó bá tutù lójijì, ilẹ̀kùn a tì mọ́ eédú. Irin a fẹ́ padà sí ètò rẹ̀ àtijọ́, eédú kò ní gbà, gbogbo rẹ̀ a fún pọ̀, a le, a sì máa ṣẹ́ láìtẹ̀. Bí eédú inú rẹ̀ bá kéré, bí 0.1 sí 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún, wàhálà náà kò tó nǹkan. Irin sípíríǹgì ọkọ̀ ní nǹkan bí 0.5 sí 0.6. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa wà.

Ìyẹn kò tíì kan àwọn Jámánì nígbà tí wọ́n ń kọ́ Tógò ní irin, nítorí pé wọn kì í fi iná so irin ńlá. Èbúté onírin Lomé ṣí ní 1904, ọkọ̀ ojú irin dé Aného ní 1905, ó dé Kpalimé ní 1907, ó sì ń lọ sí Atakpamé, ilẹ̀ àwọn ìbátan wa Ifẹ̀, kí ogun 1914 tó dé. Ní gbogbo ojú irin wọ̀nyí, irin kan ń parí, òmíràn ń bẹ̀rẹ̀, pákó irin méjì àti bóòtù ni ó ń di wọ́n pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé gogoro Eiffel ní Paris, tó parí ní 1889: nǹkan bí mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ ìṣó ìdè ló so ó pọ̀. Alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ Dáhòmì kan, Akati Ekplékendo, ti lo ọgbọ́n kan náà ṣáájú 1858, nígbà tó fi ògbólógbòó irin òkè òkun ṣe ère Gú tó ga ju mítà kan ààbọ̀ lọ, Gú tí àwa ń pè ní Ògún; ère náà wà ní Paris di òní. Ìṣó kì í yí irin padà. Ó ń lu ihò sí i lára ni, ihò náà sì ní àléébù tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìwà irin kò yí padà.

Kamina, nítòsí Atakpamé, jẹ́ àpẹẹrẹ kan tó dùn wá láti rántí. Àwọn Jámánì gbé àwọn òpó onírin gíga ró níbẹ̀ fún ilé iṣẹ́ rédíò tó ń bá Jámánì sọ̀rọ̀ tààrà. Ní òpin oṣù Kẹjọ 1914, kí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tó dé ibẹ̀, àwọn tó kọ́ ọ náà ni wọ́n wó o lulẹ̀. Bí ogun bá ti parí, ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ irin di ọkọ́ àti àdá. Ọ̀nà yìí ni alágbẹ̀dẹ wa fi bọ́ sọ́wọ́ irin tí kì í ṣe òun ló yọ́ ọ: irin ojú irin, irin ọkọ̀, irin sípíríǹgì. Àwọn iléru Bassar ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, ògbólógbòó irin Yúróòpù sì di òkúta irin tuntun fún wa. Alágbẹ̀dẹ kò mọ iye eédú inú rẹ̀. Ó ń dá a mọ̀ nípa bí ó ti ń dún, bí ó ti ń ta iná lára òkúta ìpọ́n, bí ó ti ń ṣe nínú omi.

Ohun tó yí gbogbo rẹ̀ padà ni iná mànàmáná. Ní ọdún 1880 sí 1889, Nikolai Benardos ará Rọ́ṣíà fi iná tí ń fò láti ọ̀pá eédú sí irin yọ́ irin pọ̀. Slavyanov, ará ìlú rẹ̀, fi ọ̀pá irin rọ́pò ọ̀pá eédú ní 1888, tí ọ̀pá náà fúnra rẹ̀ ń yọ́ wọ ojú àjópọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Oscar Kjellberg ará Súwídìn fi ẹ̀wù wọ ọ̀pá náà, kí èéfín ẹ̀wù náà lè dáàbò bo irin yíyọ́ lọ́wọ́ afẹ́fẹ́. Bàgẹ́ẹ̀tì tí àwọn ajórin Légbassito ń rà lónìí, ọmọ ọmọ ọ̀pá Kjellberg ni. Ní àkókò kan náà, Fouché àti Picard ní Faransé ṣe ẹnu iná gáàsì tí gbogbo wa mọ̀ lọ́wọ́ àwọn panẹ́bítà.

A dé ibi tí a sọ pé a óò padà sí. Nínú iná alágbẹ̀dẹ, iṣẹ́ pọ́n látòkè délẹ̀. Lábẹ́ bàgẹ́ẹ̀tì, ibi tí kò ju orí àtàǹpàkò lọ ló dà bí omi, tó ju 1,500 ìwọ̀n Celsius lọ, nígbà tí ibi tó jìnnà sí i níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì ṣì tutù tó èyí tí a lè dì mú. Bí bàgẹ́ẹ̀tì bá ti kúrò, irin tútù tó yí ibẹ̀ ká a fa ooru náà mu lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ajórin yóò fi ọkàn rere búra pé òun kò ri irin náà sómi. Ó rì í. Irin tútù náà ni omi rẹ̀.

Nítorí náà ni sípíríǹgì wa fi di irin mẹ́ta níbi tí kò gùn ju àtàǹpàkò lọ. Ojú àjópọ̀ fúnra rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, ó yi, nítorí eédú inú bàgẹ́ẹ̀tì kéré. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, irin sípíríǹgì tó pọ́n ṣùgbọ́n tí kò yọ́ ti di martensite, kò sì sí ẹni tó fún un ní revenu. Ní ìkọjá ibẹ̀, ooru kò tó láti mú irin le, ó kàn tó láti ba agbára tí ilé iṣẹ́ fi sí i jẹ́, ibẹ̀ sì rọ̀ jù. Gbogbo ìgbà tí alùpùpù bá bọ́ sí kòtò, irin mẹ́ta wọ̀nyí ni a ń ní kí wọ́n tẹ̀ bí ẹni kan.

Yúróòpù àti Amẹ́ríkà san owó ìmọ̀ yìí lọ́nà tó tóbi ju tiwa lọ. Ní 14 oṣù Kẹta 1938, afárá Hasselt ní Bẹ́ljíọ̀mù, tí wọ́n fi iná mànàmáná jó gbogbo ojú rẹ̀ pọ̀, tí kò sì tíì pé ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́, ya, ó sì wó sínú odò Albert tí wọ́n gbẹ́. Nígbà òtútù 1940, afárá méjì mìíràn ní orílẹ̀-èdè náà la. Ní oṣù Kìíní 1943, ọkọ̀ ojú omi Schenectady, tí ó dúró jẹ́ẹ́ ní èbúté Portland ní Amẹ́ríkà, tí ìjì kankan kò jà, dédé la sí méjì pẹ̀lú ariwo ńlá. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti líle ẹ̀gbẹ́ àjópọ̀ nìkan. Irin tí wọ́n lò fúnra rẹ̀ kì í yi mọ́ nígbà òtútù, àwọn ojú àjópọ̀ sì ní àbùkù níhìn-ín lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ rí i pé lára ọkọ̀ tí wọ́n fi ìṣó dè, bí pákó irin kan bá la, ìlà náà á dúró ní etí pákó. Ọkọ̀ tí a jó pọ̀ ti di irin kan ṣoṣo, ìlà kò rí ibi dúró sí. Láti ìgbà náà ni a ti ní òfin tó le lórí mímú irin gbóná ṣáájú jíjó, lórí gbígbẹ bàgẹ́ẹ̀tì, àti lórí bí a ṣe ń tún gbogbo iṣẹ́ gbé padà sínú ooru bí 600 ìwọ̀n Celsius lẹ́yìn jíjó, fún ọ̀pọ̀ irin bí ìkòkò ìhó omi àti páìpù ńlá, kí ó lè sinmi. Ọ̀rọ̀ bàbá ni wọ́n gbé wọ ìwé òfin.

Bí a bá rìn ní Légbassito lóòórọ̀, ariwo àwọn ajórin kì í jìnnà síra wọn. Ìlú ń dàgbà, ilé ń pọ̀, ilé kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ ilẹ̀kùn onírin àti irin ojú fèrèsé. Irin tí wọ́n fi ń ṣe ìwọ̀nyí kò ní eédú púpọ̀, ó máa ń dárí jini. Ẹni tí kò gbọ́ orúkọ trempe rí lè jó o dáadáa títí ayé. A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka àròkọ yìí kó wá máa fojú kéré wọn. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí sípíríǹgì, ọ̀pá ẹsẹ̀ ọkọ̀, tàbí ògbólógbòó irin ojú irin bá dé ọwọ́ kan náà, pẹ̀lú bàgẹ́ẹ̀tì kan náà, ní ìrọ̀lẹ́ kan náà tí oníbàárà ń kánjú. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ń lo ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ń ṣe àríyá ìdásílẹ̀ tó rẹwà, àwọn kan ń ṣe ìdánwò CFA, ilẹ̀kùn sì ni wọ́n jó láti ọjọ́ kìíní. Lójú tiwa, àlàfo tó wà láàárín ọ̀gbà ajórin àti àgbẹ̀dẹ ló burú jù. Àwọn méjèèjì wà ládùúgbò kan, wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ajórin ka alágbẹ̀dẹ sí ará àtijọ́, alágbẹ̀dẹ ka ajórin sí ọmọ àná.

Òkun àti òjò sì ń fi tiwọn kún un. Ẹ̀wù bàgẹ́ẹ̀tì a máa mu ọ̀rinrin, afẹ́fẹ́ Lomé sì tutù rinrin fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nínú iná, ọ̀rinrin náà ń tú hydrogène sílẹ̀, ó ń wọ inú irin yíyọ́, ó ń sá lọ síbi tó le jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àjópọ̀, ó sì ń la á láti inú. Ó lè jẹ́ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan tàbí ọjọ́ méjì ni ìlà náà yóò tó yọ, nígbà tí oníbàárà ti gbé ẹrù rẹ̀ lọ. Fún irin tó ní eédú púpọ̀, bàgẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní basique ni ó yẹ, tí a sì ti yan nínú ooru bí 300 sí 350 ìwọ̀n Celsius kí a tó lò ó. Kí irin náà fúnra rẹ̀ ti gbóná ṣáájú, bí 200 sí 300 ìwọ̀n, kí irin tútù tó yí àjópọ̀ ká má baà jẹ́ omi mọ́. Bí ó bá tán, kí a bò ó mọ́ eérú gbígbẹ títí di ọjọ́ kejì. Ní ti irin sípíríǹgì, a gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́: kò yẹ kí a jó o rárá. Kò sí eérú tó lè dá gbogbo ohun tí ilé iṣẹ́ fi sí i padà. Tuntun ni kí a rà.

A bẹ ajórin tó bá wa ṣe iṣẹ́ náà pé kó bá wa lọ sọ́dọ̀ bàbá. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ojú tì í nígbà tó gbọ́ ti apá ọmọ náà, ó sì lọ. Bàbá kò bá a wí. Wọ́n fi fáìlì lé e lọ́wọ́, wọ́n ní kó ra á láti òpin irin kan dé èkejì. Fáìlì jẹ irin náà níbi tó jìnnà, ó jẹ ojú àjópọ̀ náà, ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ àjópọ̀, níwọ̀n ìbú ìka kan, ó yọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni rìn lórí ọṣẹ. Ó ra á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn náà bàbá ti ìdajì irin náà bọ iná, wọ́n mú kó pọ́n, wọ́n sì rì í mọ́ ìkòkò eérú, wọ́n ní kó wá lọ́la.

Ìdajì kejì ni ó wà lórí pẹpẹ wa. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ajórin náà ti dé kí àwa tó dé, ó ti wú irin náà jáde nínú eérú, ó sì ń ra á. Lulú irin ń dà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àjópọ̀ náà bí ìyẹ̀fun. Láti ìgbà náà, ó ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ méjèèjì máa lọ sí àgbẹ̀dẹ lọ́sàn-án ọjọ́bọ̀. Bàbá gbà wọ́n, wọ́n kàn ní kí wọ́n máa mú eédú tiwọn wá.